Ẹni Tó Ń Kọ́ Dróònù Wíwà, Ìdúró Lójú Kan Ni Kó Kọ́kọ́ Mọ̀

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí sójú ìwé yín fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń wa dróònù, ẹ̀rọ tó ń fò láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, oríṣi alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó gbòde. Bí dróònù bá já lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ní ayédèrú ni, tàbí pé afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa tí a ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ń rí ni pé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n dorí rẹ̀ kodò: wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń gbé e lọ sókè kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń mú un dúró lójú kan, wọ́n sì ti rán an lọ jìnnà kí wọ́n tó lè sọ ibi tí iwájú rẹ̀ kọjú sí. Ètò yìí la fẹ́ kó yí padà.

Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ló gbé dróònù dúró. Méjì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, méjì ń yí sí òdìkejì, àwọn tó wà ní igun tó dojú kọra ló sì ń yí sápá kan náà. Pípín tí wọ́n pín ara wọn báyìí ni kì í jẹ́ kí ara dróònù fúnra rẹ̀ máa pòyì. Kò ní ìyẹ́, kò ní ìrù. Bó bá fẹ́ lọ síwájú, àwọn abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn á yára ju ti iwájú lọ, ara rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, á sì máa lọ. Bó bá fẹ́ yíjú padà, méjì tó ń yí sápá kan náà á yára, méjì yòókù á dẹwọ́. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò yìí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí Étienne Oehmichen, ará Faransé, gbé ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ ńlá mẹ́rin yí òbìrí kìlómítà kan po lọ́dún 1924, kò sí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, abẹ̀bẹ̀ kéékèèké mẹ́jọ mìíràn ló fi kún un kó lè rí i darí. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀yà tó ń mọ bí ara dróònù ṣe ń tẹ̀, tí kò tó èékánná ló ń ṣiṣẹ́ ìmúdúró yẹn lónìí, kò sì yẹ kí ẹni tó ń wà á gbàgbé pé sẹ́ńsọ̀ náà lè gba ìròyìn tí kò tọ̀nà.

Abẹ̀bẹ̀ kò wá ṣeé kàn fi síbi tó bá wuni. Oríṣi méjì ló wà nínú páálí, wọ́n sì máa ń sàmì sí wọn: lẹ́tà A àti B, tàbí òrùka aláwọ̀ kan láàárín, tí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ á tún wà lórí mọ́tò kékeré tó ni ín. Èyí tó bá wà níbi tí kì í ṣe tirẹ̀ á máa ti atẹ́gùn sókè dípò ìsàlẹ̀. Dróònù tó bá dojú dé lórí ilẹ̀ ní kété tí a fún un lágbára, tí kò tilẹ̀ tíì gbéra, ẹ má tíì dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ yẹ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ná. Kí ẹ sì máa fi ìka ra etí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra, nígbà tí bátìrì ò sí lára rẹ̀. Ibi tó bá ti ya tàbí tó ti sán, bó ti wù kó kéré tó, á mú kí gbogbo ara dróònù máa gbọ̀n, àwòrán kámẹ́rà á máa mì rìrì, sẹ́ńsọ̀ á sì máa rò pé dróònù ń tẹ̀ nígbà tí kò tẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó ya kì í ṣe ohun tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Rìmóòtù ní ọ̀pá méjì. Nínú ètò tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní Mode 2, ọ̀pá ọwọ́ òsì ló ni gíga àti yíyí ojú. Ẹ tì í síwájú, dróònù á gòkè. Ẹ fà á sẹ́yìn, á wálẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì, á yíjú sápá náà láìkúrò níbi tó wà. Ọ̀pá ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé e rìn síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún àti sósì. Rìmóòtù Mode 1 náà wà, èyí tí gíga rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ yẹ ètò rẹ̀ wò kí abẹ̀bẹ̀ tó yí, torí ẹni tó bá fi ọwọ́ Mode 2 wa Mode 1 á fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, sẹ́yìn ni yóò máa rán an lọ. Ohun mìíràn tún wà nídìí ọ̀pá òsì yìí. Lára dróònù tó lè di gíga rẹ̀ mú fúnra rẹ̀, ọ̀pá náà máa ń padà sáàárín bí a bá fi í sílẹ̀, àárín yẹn ló sì túmọ̀ sí kó dúró ní gíga tó wà. Lára èyí tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ bá fi ọ̀pá sí ló máa wà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá ibi tí agbára rẹ̀ ti dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ á sì máa sún bí bátìrì ṣe ń lọ sílẹ̀.

Ní ti ibi ìdánrawò, ẹ wá pápá gbalasa tí kò sí igi, wáyà iná tàbí èrò nítòsí, ní òwúrọ̀ tí ewé kò mì. Koríko rírọ̀ dára fún ìjábọ́, ṣùgbọ́n koríko gíga máa ń há abẹ̀bẹ̀, nítorí náà ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ fún ìgbéra. Pákó náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú dáadáa: orí ohun tí dróònù bá jókòó lé nígbà tí ẹ tan án ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti ń mọ ohun tó ń jẹ́ títẹ́jú. Bí pákó bá dagun nígbà náà, yóò máa fà sápá kan ní gbogbo ìgbà tó bá wà lókè, ẹ ó sì máa bá a jà láìmọ ìdí. Rìmóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, kí ẹ tó tan dróònù. Bí ẹ bá ń pa á, dróònù ni kó kọ́kọ́ kú.

Ẹ dúró ní mítà mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ kọjú sí yín. Ẹ fún un lágbára kó lọ tààrà dé gíga àyà, bíi mítà kan àbọ̀, kí ẹ má jẹ́ kó máa lọ́ra ní gíga ọrùn ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù ló ń mú akẹ́kọ̀ọ́ fi í síbi rírẹlẹ̀ yẹn, níbẹ̀ gan-an sì ni wíwà rẹ̀ ti le jù: atẹ́gùn tí abẹ̀bẹ̀ ń tì sísàlẹ̀ kọlu ilẹ̀, ó tún padà sókè, ó sì ń ti dróònù kiri bó ṣe wù ú. Lókè díẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Kí ẹ wá fi odindi bátìrì kan mú un dúró síbẹ̀, láàárín ìwọ̀n mítà kan níbùú àti lóròó. Kò sí nǹkan mìíràn láti ṣe pẹ̀lú bátìrì àkọ́kọ́ yẹn.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ọwọ́ wúwo. Dróònù yà sósì díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ti ọ̀pá sọ́tùn-ún gbì, ó fò kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ tún fà á padà, títí wọ́n fi bára wọn nínú igbó. Ìwọ̀nba mìlímítà mélòó kan ni kí ọ̀pá fi sún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣe, kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ń fi àtàǹpàkò nìkan tẹ ọ̀pá, àwọn mìíràn ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá dì í mú. Ọ̀nà kejì yìí máa ń jẹ́ kí ọwọ́ fúyẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí la ti fẹ́ sọ ohun tí kì í dùn mọ́ àwọn òǹtajà nínú. Dróònù tó ní GPS, ẹ̀yà tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà, máa ń dúró fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti fi ọ̀pá sílẹ̀. Ó dùn ún wà, ṣùgbọ́n ó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, ẹni tó wà á fún oṣù mẹ́fà lè má tíì mọ̀ ọ́n wà rárá. Dróònù ìṣeré kékeré tí kò ní GPS, tí kò wúwo tó 100 gíráàmù, kì í dúró báyẹn. Bí ó bá ti ń lọ, yóò máa lọ nìṣó lẹ́yìn tí ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀, àfi bí ẹ bá tẹ ọ̀pá sí òdìkejì díẹ̀ láti fi dá a dúró. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ tó dára jù. Ó lè jábọ́ nígbà ogún kó má ṣe nǹkan kan, ẹ sì lè wà á nínú yàrá ńlá pẹ̀lú ààbò yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ká. Ọjọ́ tí GPS dróònù ńlá bá dákẹ́ lábẹ́ igi tàbí láàárín ilé gíga, ọwọ́ tó ti kọ́ lára ìṣeré yìí ló máa gbà á là. Kámẹ́rà kékeré tó wà nísàlẹ̀ àwọn dróònù kan, tó ń wo ilẹ̀ kó lè dúró lójú kan, kò ṣeé gbọ́kàn lé lójú omi tàbí nínú òkùnkùn, torí kò ní rí ohun tó máa di ojú mọ́. Símúlétọ̀, eré ìdánrawò orí kọ̀ǹpútà bíi Liftoff, náà ń ran ọwọ́ lọ́wọ́, bí ẹ bá so rìmóòtù gidi mọ́ ọn. Kíbọ́ọ̀dù kò ní kọ́ ọwọ́ yín ní nǹkan kan.

Mímọ ibi tí dróònù kọjú sí ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìdí dróònù kọjú sí yín, ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀tún yín. Bó bá yíjú sí yín, bí ènìyàn méjì tó dojú kọra ni, ọ̀tún rẹ̀ di òsì yín. Ẹ ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, ó lọ sósì. Ẹ tún fi ìbẹ̀rù tì í sọ́tùn-ún sí i, ó tún yára sósì, ó sì lọ gbá ògiri. Òye kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ kò ní, orí ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni kò tíì gbọ́. Ohun kan ń tètè ran ọwọ́ lọ́wọ́: bí dróònù bá kọjú sí yín tó sì ń ṣubú lọ sápá kan, apá tó ń ṣubú sí yẹn gan-an ni kí ẹ ti ọ̀pá sí, bí ẹni ń fi ọ̀pá gbé e ró láti abẹ́. Ó ń lọ sósì yín, ẹ ti ọ̀pá sósì, yóò padà wá.

Ẹ má fò láti ìdí bọ́ sí ojú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀, ìdajì láàárín ìdí àti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ mú un dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjú sí yín, kí ẹ tún ṣe ti òsì, kó tó wá kan ojú. Bó bá dojú rú yín láàárín èyí, ẹ yí ìdí rẹ̀ padà sọ́dọ̀ yín kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti lè mú un dúró ní gbogbo apá, ẹ ri èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní mítà márùn-ún síra wọn, kí ẹ gbé e gba ẹnu wọn kọjá láìyí ojú rẹ̀. Kí ẹ tún padà gbà á, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kó máa yíjú sí ibi tó ń lọ ní igun kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló kan yíyí òbìrí, kó tó wá kan àmì 8. Àmì 8 yìí ni ìdánwò gidi, torí ó ń mú ọwọ́ yí sápá méjèèjì. Ẹ ó rí i pé apá kan máa rọrùn fún yín jù. Apá kejì tí kò rọrùn ni kí ẹ fún ní àkókò púpọ̀ sí i.

Bọ́tìnnì kan wà lára ọ̀pọ̀ dróònù ìṣeré tí wọ́n ń pè ní headless, tó ń mú kí ọ̀tún máa jẹ́ ọ̀tún yín ibi yòówù kí ojú rẹ̀ wà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi tí dróònù kọjú sí nígbà tí ẹ tan án ló fi ń ṣírò. Bí ẹ bá yí ara yín padà, tàbí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ bá ṣìnà lẹ́yìn ìjábọ́ kan, irọ́ ni yóò máa pa fún yín, ọwọ́ yín kò sì ní tíì kọ́ nǹkan kan tó lè fi gba ara rẹ̀. Ó sàn kí ẹ lẹ téèpù aláwọ̀ títàn díẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kó má kan abẹ̀bẹ̀. Kí ẹ má sì rán an kọjá 30 mítà ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 100 mítà, dróònù kékeré ti di ẹyọ dúdú kan lójú ọ̀run, ojú kò ní mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Sísọ̀kalẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Bí dróònù bá ń bọ̀ wálẹ̀ tààrà pẹ̀lú eré, inú atẹ́gùn tí òun fúnra rẹ̀ ti dà rú ló ń rì sí. Abẹ̀bẹ̀ á máa yí, ṣùgbọ́n kò ní rí atẹ́gùn tó dúró láti tì, ara dróònù á máa gbọ̀n jìgìjìgì, á sì já. Agbára tí ẹ bá fi kún un níbẹ̀ kò ní ràn án lọ́wọ́ tó bí gbígbé e kúrò: ẹ tì í síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ sínú atẹ́gùn mímọ́, yóò padà dúró. Kó má tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ rárá, ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, kó máa rìn síwájú díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀.

Bátìrì ló yẹ kí olúkúlùkù kọ́ dáadáa, torí òun nìkan ló lè jó ilé nínú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. LiPo, ìyẹn lithium polymer, ló wọ́pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ bátìrì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀, jẹ́ 3.7 fólítì lórí ìwé. Bó bá kún, á jẹ́ 4.2. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 3.0, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kì í sì í padà bọ̀ sípò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í lọ sílẹ̀ déédéé. Ó máa ń rọra lọ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà á já wìì ní ìparí, pàápàá bí ẹ bá ní kó gòkè tagbáratagbára tàbí bí òtútù bá mú un. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí dróònù ti wà nílẹ̀ nígbà tó bá ku ìdá 30 nínú 100, kí ẹ má dúró de ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Bí afẹ́fẹ́ bá wà, ẹ kọ́kọ́ rán an lọ kojú afẹ́fẹ́ náà, kí afẹ́fẹ́ lè máa tì í bọ̀ wálé. Ẹni tó bá ṣe òdìkejì á rí i pé ó lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì rí ọ̀nà padà. Afẹ́fẹ́ òkè sì máa ń le ju èyí tó ń fẹ́ nílẹ̀ lọ. Ti pé ewé kò mì níbi tí ẹ dúró sí kò sọ ohun tó wà ní 80 mítà.

Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára dróònù máa ń gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù tán kí ẹ tó fi í sí ṣájà. Agbára tí ẹ ó fi ṣáàjì rẹ̀ kò yẹ kó ju ìwọ̀n iná tó lè gbà lọ, èyí tí wọ́n ń fi mAh kọ sára rẹ̀: bátìrì 2200 mAh, kó má ju 2.2 amp, ti 500 mAh, kó má ju 0.5. Orí táìlì tàbí ilẹ̀ símẹ́ǹtì ni kó wà, kó jìnnà sí aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì, kí ojú ẹnìkan sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó yọ ọ́. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má fi í pa mọ́ ní kíkún, ẹ má sì fi í pa mọ́ ní òfìfo. Nǹkan bíi 3.8 fólítì fún sẹ́ẹ̀lì kan, tó súnmọ́ ìdajì, ló bá a lára mu jù. Èyí tó bá ti wú, ó ti parí iṣẹ́. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ mọ́.

Bọ́tìnnì ìpadàbọ̀-wálé ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Dróònù kò mọ ilé. Ibi tí sátẹ́láìtì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún un ló ń padà sí. Bí ẹ bá gbé e dìde kí áàpù tó sọ pé ó ti gba ibẹ̀ sílẹ̀, ibi tó máa padà sí lè jẹ́ orí òrùlé ẹlòmíràn tó ń kọjá lórí rẹ̀ nígbà tí GPS dé. Ẹ tún yẹ gíga ìpadàbọ̀ rẹ̀ wò: kó ga ju igi tàbí ilé tó ga jù ní àyíká lọ, torí ọ̀nà tààrà ló máa gbà bọ̀. Bí ẹ bá sì tẹ bọ́tìnnì yìí nígbà tó wà lábẹ́ ẹ̀ka igi, òkè ló máa kọ́kọ́ lọ, sínú ẹ̀ka náà. Wáyà iná tín-ínrín kì í hàn sí sẹ́ńsọ̀ dáadáa, ojú yín ló gbọ́dọ̀ rí i. Kọ́ńpáàsì rẹ̀ náà, ẹ má ṣètò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tàbí lórí kọnkéré tó ní irin nínú. Dróònù tí kọ́ńpáàsì rẹ̀ ti ṣìnà kì í lè dúró. Á máa yí òbìrí tó ń fẹ̀ sí i. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ pa GPS bí ẹ bá lè pa á, kí ẹ fi ọwọ́ yín mú un wálẹ̀.

Bó bá máa já, kó já: ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ fa ọ̀pá tó ni gíga sílẹ̀ pátápátá. Mọ́tò tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ há sínú koríko, tí agbára ṣì ń lọ sí, á jóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀ tàbí ó gbóná. Kí ẹ wo apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó sán, kí ẹ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń le, irun tàbí òwú ló sábà máa ń yí mọ́ ọ̀pá rẹ̀.

Ní ti òfin, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ti ibi tí ẹ bá wà kí dróònù tó gbéra. Ní ọ̀pọ̀ ibi, gíga kò gbọ́dọ̀ kọjá 120 mítà, ojú yín gbọ́dọ̀ máa rí i, ẹ sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú. Dróònù tí kò tó 250 gíráàmù máa ń rí ìdẹ̀kùn gbà níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé òfin kò kàn án.

Kámẹ́rà ni kí ẹ kó sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń torí rẹ̀ ra dróònù. Ẹni tó ń wo ojú fóònù kò wo dróònù. Lẹ́yìn tó bá gbójú sókè, kò ní mọ ibi tó kọjú sí mọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò títí ẹ ó fi lè mú un dúró fún ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ sí yín, láàárín mítà méjì, tí ẹ ó sì lè ya àmì 8 sápá méjèèjì, tí ẹ ó sì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra láìkan etí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá ń ya fídíò, kí ẹnìkejì dúró tì yín, kó máa wo ojú ọ̀run, kó sì máa sọ ohun tó bá rí fún yín.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ dróònù wíwà